Sí Àkànní, Nítorí Ajá Tó Ń Fò Mọ́ Ẹni Tó Bá Kúnlẹ̀

Ìgàndò,
Ọjọ́rú, òjò kò tíì dá.

Àkànní ọmọ mi,

Ìyàwó rẹ wà lọ́dọ̀ mi. Ó ti jẹun, ó ti sùn, ọmọ inú rẹ̀ sì ń yí. Ìyẹn ni mo fi ṣáájú kí o lè rí èémí mí, nítorí ọ̀rọ̀ tó kù kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń kà lórí ìdúró. Wá ibì kan jókòó sí.

Ọ̀sán àná ni Mojí wọlé dé, òjò ti pa á dé egungun, báàgì lórí, bàtà lọ́wọ́. N kò tíì bi í ní nǹkan kan tó fi ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé mi padà. Kó yan èyí tó bá wù ú, èmi tàbí ajá." Mo ní kó bọ́ aṣọ tútù sílẹ̀ ná. Nígbà tó mu ògì gbígbóná tán, tí ètè rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi í lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kí lo ń ṣe tó fi fò mọ́ ọ?"

"Oúnjẹ ni mo gbé fún ọmọ yín, Màmá. Mo kúnlẹ̀ gbé e fún un."

"Ó gbó mọ́ ọ?"

"Kò gbó."

"Ó fi eyín kàn ọ́?"

"Rárá o. Ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ló gbé lé mi léjìká, ó bì mí lu férémù ilẹ̀kùn."

"Ìrù rẹ̀ ńkọ́?"

Ó wò mí bí ẹni pé iyè mi ti rá. "Ìrù kẹ̀, Màmá! Ta ló ráyè wo ìrù?"

Ó ká aṣọ sókè, ó fi ẹ̀gbẹ́ hàn mí. Ó wú. Láàárọ̀ yìí mo mú un lọ sọ́dọ̀ agbẹ̀bí ní Ìkọ̀tún, nínú ẹrẹ̀ tó ń gba bàtà lẹ́sẹ̀ ènìyàn. Obìnrin náà fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀ títí, ó gbé etí lé e, ó ní kò séwu lọ́tẹ̀ yìí. Lọ́tẹ̀ yìí ni ẹnu rẹ̀ sọ, Àkànní. Mo sanwó, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń tẹ̀lé mi bọ̀ láti Ìkọ̀tún títí dé ìdí adìẹ mi.

Èyí tó dùn mí jù ni ohun tí Mojí sọ kẹ́yìn. Ó ní o rẹ́rìn-ín. Ó ní ọbẹ̀ ń ṣàn lára ògiri, òun wà nílẹ̀, ìwọ ń sọ pé, "Eré ló ń bá ẹ ṣe jàre." Ọmọ mi, o ò parọ́. Eré ni lóòótọ́, màá sì sọ fún ọ bí mo ṣe mọ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ tí ènìyàn bá fẹ̀rín sọ lórí ẹni tó wà nílẹ̀, ó burú ju irọ́ lọ. Ká ní o kọ́kọ́ gbé e dìde ni, bóyá òun náà ì bá ti bá ọ rẹ́rìn-ín.

Gbọ́ èyí sí i. Nígbà tó ń jáde, Bàbá onílé yín rí i lẹ́nu géètì, ó bi í pé níbo ló ń gbé báàgì lọ nínú irú òjò yìí. Ó ní, "Ìyá ọkọ mi ni mo fẹ́ lọ kí, Bàbá." Kò sọ fún un pé ajá tún ti gun èèyàn. Ó mọ ohun tí Bàbá sọ lọ́jọ́ Àìkú ọjọ́sí. Ẹni tó fi ìbínú kúrò nílé, òun náà ló ṣì ń bo ilé láṣìírí. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀, a kì í fi í ṣòfò.

Jẹ́ ká padà sí ọjọ́ Àìkú yẹn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ kó tó yé mi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wá wo ilé yín ní Ẹ̀gbẹ́dá ni. Inú mi dùn sí yàrá méjèèjì, sí àga onítìmùtìmù, sí fáànù tó ń yí lókè. Mo ní lọ́kàn mi pé ọmọ mi ti di ọ̀gá sítóò lóòótọ́. Àmọ́ láti ìgbà tí mo ti jókòó ni mo ti ń gbọ́ ṣéènì, jìnràn, jìnràn, nínú yàrá kejì. Mo bi ọ́, o ní òjò ti ń rọ̀ láti ìjẹta, ẹrẹ̀ ti gba iwájú ilé, o kò fẹ́ kí Rófà ajá rẹ wá fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ tẹ sìmẹ́ńtì onílé, lo bá so ó mọ́ irin fèrèsé. Láti ìjẹta! Ajá tí ọ̀gá rẹ òyìnbó máa ń mú sáré láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kó tó padà sí ìlú rẹ̀ tó fi í sílẹ̀ fún ọ.

O ní kí n wá wo bó ṣe ń bọ ènìyàn lọ́wọ́. O tú u. Kò bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ o. Ó gba abẹ́ apá rẹ kọjá, ó di pásẹ́ẹ̀jì, ó di fàráńdà. Bẹ́ẹ̀, Bàbá onílé wà níbẹ̀ lórí ẹní, ó ń kírun, nítorí omi ti dí ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Bàbá dúró, ajá ń yí i ká, kò fara kàn án. Bàbá tẹ̀ríba, ajá dúró, ó na etí sókè. Bàbá fi iwájú orí kanlẹ̀, àfi gbàgà! Rófà ti gun ẹ̀yìn rẹ̀. Fìlà lọ lọ́tọ̀, tẹ̀sùbáà lọ lọ́tọ̀.

"Subuhánáláhì!" Ìyàwó Bàbá ló figbe ta. "Ajá ti ba àlùwàlá jẹ́! Ó ti fi itọ́ sí i láṣọ!"

Mo rò pé bàbá yẹn yóò figi lé e. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dìde, ó bọ́ aṣọ náà, ó ká a, ó ní, "Akọ̀wé, èmi ò bá ajá ṣẹjọ́. Ìwọ ni mo gbé yàrá fún, mi ò gbé e fún ajá. Tó bá tún gun ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ máa kó jáde."

Ìwọ náà, ọmọ tí mo kọ́, o ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ni ajá bá fi Bàbá sílẹ̀, ó fò gun ìwọ gan-an lẹ́yìn, ó ń lá ọ létí. Bàbá télọ̀ tó ń gbé yàrá iwájú yọrí síta: "Ẹ wá wò ó o! Ajá pàápàá ní ìdọ̀bálẹ̀ yẹn kò tíì wọlẹ̀ tó! Akọ̀wé, ẹ tún un ṣe!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá onílé yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo rí ejìká rẹ̀ tó ń mì. Ẹ̀rín yẹn ló gba ilé fún ọ lọ́jọ́ náà. Kò ní gbà á lẹ́ẹ̀kejì. Nínú ayé owó yìí tí gbogbo ènìyàn ń ya wọ Èkó, tí àwọn tó ń wá yàrá ń tò sẹ́nu ọ̀nà onílé, ibo lo fẹ́ gbé olóyún lọ nínú òjò?

Lẹ́yìn ìgbà náà, oríṣiríṣi àlàyé ni mo gbọ́. Ìyàwó Bàbá ní ajá òyìnbó kì í fẹ́ràn Mùsùlùmí. Mojí ní òun ni ajá ń jowú, pé kí òun tó dé, orí bẹ́ẹ̀dì ni ajá ń sùn. N kò gba ọ̀kankan. Tó bá jẹ́ Mùsùlùmí ló kórìíra, ìwọ tí kì í ṣe Mùsùlùmí, kí ló dé tó fi gùn ọ́? Tó bá jẹ́ Mojí ni ajá ń jowú, kí ni Bàbá gbà lọ́wọ́ rẹ̀?

Nígbà tí a ti Ìkọ̀tún dé, mo ń bu oúnjẹ sínú ọpọ́n àwọn adìẹ àgírìkì mi, ni ó bá là sí mi lójú. Bàbá fi orí kanlẹ̀. Ìwọ dọ̀bálẹ̀. Mojí kúnlẹ̀. Ilẹ̀ ni ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Mo wá rántí ohun tí o sọ fún mi lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ mú ajá náà wá síbí, tí a jọ ń fi òyìnbó ṣe yẹ̀yẹ́. O ní bí òjò bá ti há wọn mọ́lé, òyìnbó á lọ sílẹ̀ tọwọ́-tẹsẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì bí ọmọ tó ń rákòrò, á máa lé ajá, ajá á máa fò gùn ún, wọ́n á jọ máa yí gbirigbiri títí àwọn méjèèjì á fi máa mí hẹlẹ. Mo ní, "Àgbàlagbà?" O ní, "Àgbàlagbà onírùngbọ̀n, Màmá." A rẹ́rìn-ín dọ́ba. Àwa la ò mọ̀ pé ajá náà ń fi ẹ̀kọ́ náà sọ́kàn.

Ohun tó mọ̀ nìyẹn. Nílé tí wọ́n ti tọ́ ajá náà, àgbàlagbà kì í kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. Bí ènìyàn bá wá sílẹ̀ nígbà òjò, eré ti yá nìyẹn. Ó wá bọ́ sáàárín àwa Yorùbá! Ọmọ ń dọ̀bálẹ̀ fún bàbá, ìyàwó ń kúnlẹ̀ fún ọkọ, ẹni tó ń kírun ń forí kanlẹ̀, láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Lójú ajá yẹn, gbogbo ilé ló ń pè é wá ṣeré. Bó bá sì ti jẹ́ ìpè, ẹ ó nà án, ẹ ó so ó mọ́ fèrèsé. Ajá wo ni orí rẹ̀ kò ní dàrú?

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Bí wọ́n ṣe ń wá sí mi lọ́kàn ni mo ṣe ń kọ wọ́n. Má fo ọ̀kankan.

Àkọ́kọ́, tú ṣéènì yẹn. Èmi náà ti so ajá rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ adìẹ, mo ra ajá kan tó lókun, mo so ó mọ́ òpó ní gbogbo ìgbà òjò, kí n má baà máa ra ọṣẹ fọ ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tí okùn já, kò jẹ adìẹ kankan o. Sísáré ló kàn ń sáré, ó ń lọ, ó ń bọ̀, àwọn adìẹ náà sì tẹ ara wọn pa sí igun ilé. Owó ọṣẹ tí mo fi pa mọ́, adìẹ ni mo fi san án. Okun inú ajá kì í gbẹ torí pé a so ó. Èyí tí kò bá lò lónìí, ọ̀la ló ń dè. Bí òjò bá sì wá dúró fún bíi wákàtí kan, má jókòó ti rédíò. Mú un jáde, kó sáré nínú ẹrẹ̀ náà. Àkísà àti omi nìkan ni wàá fi nù ún lẹ́nu ọ̀nà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìkejì ni èyí tí mo gbà lọ́wọ́ bàbá mi, ọdẹ, tí o kò bá láyé. Nígbà òjò tí igbó kò bá ṣeé wọ̀, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àwọn ajá rẹ̀ ń wà pẹ̀lú wa, síbẹ̀ wọn kì í fọ́ ìkòkò. Imú wọn ló ń fún níṣẹ́. Á ní ká di ajá mú lẹ́yìn ilẹ̀kùn, á mú orí ẹja gbígbẹ, á fi ọ̀kan sábẹ́ agbọ̀n, á fi ọ̀kan sẹ́yìn àmù, á ká ọ̀kan sínú àpò, á wá ní, "Ó yá, wá a!" Ajá á máa fi imú wá a kiri ilé. Kó tó rí gbogbo rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ ti jáde bí ẹni tó ti oko ọ̀nà jíjìn dé. Ó máa ń sọ pé ẹsẹ̀ ajá kì í tètè rẹ̀ ẹ́, àròjinlẹ̀ imú ló ń rẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, má gbé oúnjẹ síwájú Rófà mọ́ bí ẹni gbé e síwájú àlejò. Jẹ́ kó ṣiṣẹ́ jẹ ẹ́. Níbẹ̀rẹ̀, pa á mọ́ lójú rẹ̀, kó lè mọ ohun tí ò ń wí. Tó bá ti mọ̀ ọ́n, kó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kí o tó pa á mọ́ sí yàrá méjèèjì. Di díẹ̀ sínú aṣọ gbígbó, kó fi eyín tú u. Orí ẹja tí Mojí ń dà nù tó o. Mo rí àwọn agolo ẹran òyìnbó lábẹ́ tábìlì yín, mo sì dákẹ́ nítorí mo jẹ́ àlejò. N kò dákẹ́ mọ́. Owó ìkókó lò ń fi bọ́ ajá.

Ẹ̀kẹta, sísáré. Pásẹ́ẹ̀jì yín gùn, ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe tìrẹ nìkan. Tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará ilé, pàápàá lọ́wọ́ ìyàwó Bàbá, kó sì jẹ́ ìgbà tí sítófù ẹnikẹ́ni kò bá tàn níbẹ̀. Ti ilẹ̀kùn fàráńdà. Sìmẹ́ńtì yẹn ń dán, ẹsẹ̀ ajá á máa yọ̀, egungun á rọ́. Tẹ́ àwọn àpò àlòkù sílẹ̀ kí èékánná rẹ̀ lè rí nǹkan dì mú. Di àkísà bí bọ́ọ̀lù, jù ú, kó lọ gbé e wá. Fi àpótí ìjókòó sọ́nà, kó fo ọ̀kan, kó gba abẹ́ tábìlì kọjá. Kó má ga o, kì í ṣe ewúrẹ́. Tó bá ti ń mí hẹlẹ, dá a dúró, fún un lómi, kó sinmi, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀, díẹ̀díẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó sàn ju kí o lé e títí tí ojú rẹ̀ á fi pọ́n, nítorí ajá tí eré bá ti gùn, kò mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró. Má sì fún un lóúnjẹ kí èémí rẹ̀ tó wálẹ̀.

Ó tún fẹ́ràn kó máa fa nǹkan. Wo ṣòkòtò iṣẹ́ tó ti ya, fi hun okùn, ẹ jọ fà á. Ṣùgbọ́n ìwọ ni kí o máa bẹ̀rẹ̀, ìwọ ni kí o máa parí. Sọ "Ó yá" kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, sọ "Ó tó" nígbà tó bá tó, kí o gbé okùn kọ́ sórí ìṣó, kó má rí i mọ́. Orí ìdúró ni kí o ti máa sọ "Ó yá" o. Láti òní lọ, ìwọ tàbí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ bá a ṣeré mọ́. Èyí ni gbòǹgbò gbogbo ọ̀rọ̀. Kó mọ̀ pé ẹni tó bá dúró ló ń peni wá ṣeré, ẹni tó bá wà nílẹ̀ kò peni.

Ìyókù lo máa fi sùúrù ṣe. Nígbà tí eré bá ti rẹ̀ ẹ́, má ṣe é nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, mú orí ẹja lọ́wọ́, kọ́ ọ kó fi ikùn lélẹ̀. Tó bá ti fi lélẹ̀, fún un. Lẹ́yìn náà, tẹ orúnkún díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ mú nǹkan. Tó bá dúró sílẹ̀, fún un. Tó bá dìde, ìwọ náà dìde, kọjú sí ògiri. Má pariwo, ariwo rẹ eré ni lójú rẹ̀. Má nà án. Tún bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti gba ìyẹn, kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan. Tó bá gba ìyẹn, kúnlẹ̀ méjèèjì. Lẹ́yìn náà dọ̀bálẹ̀. Lẹ́yìn náà, fi iwájú orí kanlẹ̀ bíi ti Bàbá. Mo mọ̀ pé ìwọ kì í kírun, ajá ni kó rí i. Tó bá ti gbà fún ọ, bẹ Bàbá télọ̀ kó wá bá ọ ṣe é. Á fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, jẹ́ kó ṣe é. Ẹni tó bá ti rẹ́rìn-ín tán kì í kọ̀. Ohun tí mò ń wá ni pé nígbàkígbà tí Rófà bá rí ẹni tó lọ sílẹ̀, ikùn tirẹ̀ náà á lọ sílẹ̀. Kí òun náà mọ̀ ọ́n kí, ó ṣe tán, Ẹ̀gbẹ́dá ló ń gbé.

Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Bàbá mi máa ń fèsì pé, ọdẹ tí kò fọn fèrè ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí Mojí kò fẹ́ sọ, mo fà á yọ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní lẹ́yìn ọjọ́ Àìkú yẹn, o ń bá ajá sọ̀rọ̀ sókè nínú pásẹ́ẹ̀jì, "Rófà, fi wọ́n sílẹ̀, àwọn kan rò pé àwọn nìkan ni Ọlọ́run dá," kí ìyàwó Bàbá lè gbọ́. Àkànní, má fi ẹnu ajá bú ènìyàn. Mo ti ṣe é rí. Nígbà tí mo wà nílé ọkọ tuntun, mo sọ ajá mi ní Ojúlarí, nítorí ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa, tí mo rò pé ó ń sọ mí lẹ́yìn. Gbogbo àárọ̀ ni mo ń pè é: "Ojúlarí o, ọ̀rẹ́ ò dénú!" Ọjọ́ tí ara ẹ̀gbọ́n rẹ kò yá, tí mo ń wá ẹni tó máa bá mi gbé e lọ sọ́sibítù, mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ṣé kí n lọ bá ọ pe Ojúlarí ni?" Ó bá mi gbé ọmọ náà o, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, a kò bá ara wa jẹun mọ́ títí tí a fi kó kúrò. Ilé onípásẹ́ẹ̀jì ni ẹ̀ ń gbé. Ẹni tí ò ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí lónìí ló máa gba ọmọ rẹ gbé lọ́la.

Èyí tó wá le jù nìyí, má sì jẹ́ kó di ọ̀la. Lọ bá Bàbá onílé fúnra rẹ. Sọ fún un pé ajá tún ti gun Mojí, kí Bàbá télọ̀ tó fi ṣe àwàdà létí rẹ̀. Ti ajá mọ́ yàrá kí o tó lọ, kó má tún wá gùn ọ́ nínú ẹ̀bẹ̀. Ṣàlàyé fún un bí mo ṣe ṣàlàyé fún ọ. Bàbá yẹn ní làákàyè. Lọ́jọ́ tí aṣọ rẹ̀ bàjẹ́, ó káṣọ kó tó sọ̀rọ̀. Tọrọ ààyè lọ́wọ́ rẹ̀ títí di ọjọ́ tí màá dá fún ọ nísàlẹ̀ yìí. Tó bá ní rárá, ilé rẹ̀ ni, má bá a jiyàn, gbé ajá náà wá fún mi lọ́jọ́ kejì. N kò ní kí o tà á fún àwọn tó ń kọ́lé tuntun ní Ayọ̀bọ̀ tí wọ́n ń wá ajá òyìnbó kiri. Owó ibẹ̀ dára, mo ti bèèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rà á bẹ́ẹ̀ ti ra ìjàǹbá fún aya tirẹ̀, n kò fẹ́ jẹ nínú irú owó yẹn.

Nípa ti Mojí, má wá síbí ní Sátidé yìí. Kò tíì fẹ́ rí ọ. Kọ ìwé sí i. Kọ ọ́ pé o jẹ̀bi, má kọ ọ́ pé eré ni.

Sátidé tó tẹ̀lé e ni ọjọ́ tí mo dá. Èmi àti òun la jọ máa wá, ní ọ̀sán, òjò ì báà máa rọ̀. Òjò ni mo tilẹ̀ fẹ́, nítorí ìgbà òjò ni ọ̀ràn náà. Ẹ̀yìn mi ni Mojí máa dúró sí, ní fàráńdà. Èmi ni màá kọ́kọ́ wọlé, màá sì kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ.

Má pariwo. Mo mọ̀ pé ìyá kì í kúnlẹ̀ fún ọmọ tó bí, mo sì mọ ohun tí ayé ń pe irú ìkúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ìwọ ni mò ń kúnlẹ̀ fún, kò sì sí èpè nínú rẹ̀. Mo fẹ́ kí ajá rí èmi kó tó rí ẹni tó lóyún. Kò sí ohun tó kù nínú ikùn tèmi tí ìjàǹbá lè bàjẹ́.

Má fọwọ́ kan ajá lọ́rùn. Má gbé ṣéènì wá. Má sọ "Rófà, rọra" tàbí ọ̀rọ̀ kankan. Ìwọ sáà dúró. Tó bá fi ikùn lélẹ̀, màá nawọ́ sẹ́yìn, màá fa ìyàwó rẹ wọlé fún ọ, màá sì dáná alẹ́ ọjọ́ náà fúnra mi. Tó bá gùn mí, màá dìde, màá gbọn ìró mi, n kò ní bá ọ jà. Ìgàndò níbí ni Mojí máa bímọ sí. Ajá náà máa tẹ̀ lé wa, nítorí adìẹ nìkan ni mo ní, adìẹ kì í kúnlẹ̀ kí ènìyàn. Ìwọ á wà nínú yàrá méjèèjì yẹn pẹ̀lú fáànù rẹ.

Ọ̀gbẹ́ni tó ń bá mi kó ẹyin ni mo fi ìwé yìí rán, ó ń sáré fọn fèrè ọkọ̀ níta nítorí òjò tún ń ṣú. Kà á lẹ́ẹ̀kan sí i kí o tó sùn, kí o sì bẹ̀rẹ̀ lónìí. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí o bá fi ṣọ̀lẹ láàárín òní sí ọjọ́ náà, orúnkún mi ni yóò san án.

Èmi ìyá rẹ ni.